Páálí tí ó Ń Ṣe bí Pákó

Páálí kan wà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé, tí a lẹ bébà tí ó ní ìlà bí ìlà igi mọ́ lára yíká, kí ẹni tí ó bá rí i láti òkèèrè lè rò pé pákó ni. Bí a bá ṣí i, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ni a óò bá nínú rẹ̀, tí a ká bébà wọn sí méjì, tí a sì fi wáyà kéékèèké gán ní àárín, pẹ̀lú abala bébà díẹ̀ tí a kò tilẹ̀ dì pọ̀. Àwọn àwòrán inú rẹ̀ jọ èyí tí ọmọ iléèwé máa ń yà sẹ́yìn ìwé nígbà tí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó; àṣìtẹ̀ kò wọ́n nínú rẹ̀; ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ìwé náà ń sọ tẹ́lẹ̀ lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó má mọ ibi tí à ń lọ. Ní ọdún 1974, dọ́là 10 ni wọ́n ń tà á. Lónìí, bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ bá bọ́ sí gbàǹjo, tí kò ya, tí omi kò sì bà á jẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àwọn tí ń fẹ́ ẹ fi ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí ìgbà tí ọmọ oyè méjì bá ń du àga kan ṣoṣo.

Kí ni wọ́n ń rà? Bí a bá ní bébà ni, bébà kò wọ́n. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni, a ti tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí èmi ti ń wo ìtàn páálí yìí sí, àpá ọwọ́ ni wọ́n ń rà, àpá ọwọ́ àwọn tí kò ní owó, tí kò kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀, tí wọ́n sì fi àìní náà ṣe ohun tí gbogbo ayé padà wá ń wá kiri. Ìtàn àìní náà ni mo fẹ́ sọ.

Orúkọ eré tí ó wà nínú páálí náà ni Dungeons & Dragons. Kí a tó sọ bí a ti bí i, ó yẹ kí a là á yé ara wa irú eré tí ó jẹ́, nítorí kò jọ ayò, kò sì jọ lúdò. Nígbà tí apàlọ́ bá ké pé “Ààlọ́ o,” tí àwọn ọmọ sì dáhùn pé “Ààlọ̀,” ibi tí apàlọ́ bá fẹ́ ni Ìjàpá ń lọ. Àwọn ọmọ lè gbe orin, wọ́n lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè dá Ìjàpá padà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní ọdún 1938, yóò bá Àkàrà-ògùn wọ inú igbó, àyà rẹ̀ yóò sì máa já, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó pariwo tó, Àkàrà-ògùn kò ní gbọ́. Nínú eré tí à ń wí yìí, òǹkàwé gan-an ni Àkàrà-ògùn. Ẹnì kan nínú àwọn tí ó yí tábìlì ká ni apàlọ́, òun ni ó ti ya àwòrán ihò abẹ́ ilẹ̀ àti àwọn ẹbọra tí ń ṣọ́ ìṣúra ibẹ̀, tí ó sì fi wọ́n pamọ́. Àwọn yòókù a gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀, ọ̀kan a di jagunjagun, ọ̀kan a di oṣó, ọ̀kan a di àlùfáà. Apàlọ́ a sọ ohun tí ó wà níwájú wọn, a sì béèrè pé kí ni wọn yóò ṣe. Ohun tí wọ́n bá wí ni ìtàn ń gbà lọ, níbi tí ó bá sì ti di ọ̀rọ̀ agbára tàbí oríire, dáìsì ni yóò dá a. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ, kò sí ẹni tí à ń jẹ. Ẹni tí kò bá kú lónìí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, pẹ̀lú ọgbọ́n àti ọgbẹ́ rẹ̀.

Ó ṣe kòńgẹ́ pé ọdún 1938 tí ìwé Fágúnwà jáde náà ni a bí Gary Gygax ní ìlú Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Lake Geneva, ìlú kékeré kan létí adágún omi ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ìlú tí àwọn ọlọ́rọ̀ Chicago máa ń lọ gba atẹ́gùn sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ó dàgbà, ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Chicago, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Eré ogun ni ó gbà á lọ́kàn.

Eré ogun kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Láti ọdún 1824 ni ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ von Reisswitz ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn olórí ogun Prussia, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ogun ní ọgbọ́n ìjà lórí àwòrán ilẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan tí ó ń jẹ́ Little Wars, nínú èyí tí ó kọ́ àwọn àgbàlagbà bí a ti í fi ọmọ ogun olójé kéékèèké jagun lórí ilẹ̀ yàrá, láìtijú. Nígbà tí yóò fi di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ Avalon Hill ti ń ta eré ogun nínú páálí ní Baltimore, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe é káàkiri Amẹ́ríkà sì ń kọ lẹ́tà sí ara wọn, wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn kéékèèké, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí bí ìbọn ayé Napoleon ti í yìn jìnnà tó. Gygax jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1968, ó fi dọ́là 50 háyà gbọ̀ngàn àwọn olóko òdòdó ní Lake Geneva, ó sì pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jọ síbẹ̀. Ìpàdé náà ni wọ́n ń pè ní Gen Con, a sì ń ṣe é títí di òní olónìí.

Ní 1971, òun àti Jeff Perren gbé ìwé òfin kan jáde fún ogun ayé àtijọ́, tí wọ́n pè ní Chainmail. Ní ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n ti fi ojú-ewé díẹ̀ kún un fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí oṣó àti dírágónì wà lójú ogun rẹ̀. Díẹ̀ ni ojú-ewé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn ni irúgbìn.

Ibòmíràn ni òjò tí ó mú irúgbìn náà hù ti ṣú. Ní ìlú méjì tí ó fara kínra ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Minneapolis àti Saint Paul, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Wesely ti ṣe eré kan ní 1969 tí ó pè ní Braunstein. Dípò kí ó fún olúkúlùkù ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó fún ní ipò ènìyàn kan ṣoṣo nínú ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jámánì: ọ̀kan di olórí ìlú, òmíràn di akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìmọ̀, tí wọ́n ń tan ara wọn jẹ, tí eré náà fi bọ́ mọ́ Wesely fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Dave Arneson wà níbẹ̀, ó rí i, kò sì gbàgbé. Ní 1971, Arneson dá ilẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Blackmoor: ilé olódi kan lórí òkè, ihò tí kò lópin lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wá wúrà. Nígbà tí ọdún 1972 ń parí lọ, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ David Megarry wakọ̀ lọ sí Lake Geneva, wọ́n sì fi eré náà han Gygax. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Gygax fi wa ihò tirẹ̀ lórí bébà, lábẹ́ ilé olódi tí ó pè ní Greyhawk, méjì nínú àwọn ọmọ bíbí rẹ̀ sì ni ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Arneson, ẹni tí ó kéré sí Gygax ní ọdún mẹ́sàn-án, ni ó mọ bí eré náà ti í rìn lójú agbo. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò ju ìwé ráńpẹ́ tí kò tò lọ, tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè fi dá eré sílẹ̀. Gygax ni ó jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ó sọ ohun tí à ń fi ẹnu ṣe di ohun tí a lè fi ránṣẹ́. Ta ni ìyá ọmọ nínú àwọn méjèèjì? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé wọn dé ilé-ẹjọ́ ní 1979, tí wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1981. Àwa tí a wà lókèèrè lè wí pé bí ọ̀kan kò bá sí nínú wọn, ì bá má sí páálí tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí.

Kíkọ ìwé kò nira tó wíwá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ Chainmail kò ní agbára rẹ̀. Avalon Hill, ọba eré páálí, mi orí. A kò gbọdọ̀ bú wọn, nítorí eré tí kò ní pátákó, tí kò lópin, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ, ta ni yóò fi owó rẹ̀ lé e? Gygax fúnra rẹ̀ kò sì ní owó. Iṣẹ́ adójútòfò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1970, ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ márùn-ún. Bàtà ni ó ń tún ṣe kí wọ́n tó jẹun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, òun àti Don Kaye, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Tactical Studies Rules, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí TSR. Kaye lọ yá ẹgbẹ̀rún dọ́là lórí ìwé adójútòfò ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró wo ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀: ọkùnrin kan mú owó tí a ó san fún ìyàwó rẹ̀ bí òun bá kú, ó fi tẹ ìwé òfin eré. Owó náà kò sì tó. Eré ogun kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, pẹ̀lú èrò pé èrè rẹ̀ yóò tẹ ti ńlá. Ìrètí náà kò jọ. Ìgbà tí Brian Blume wọlé bí ẹnì kẹta pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ni ọ̀nà tó là.

Wọ́n ní a gúnyán nínú ewé, a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó a yó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, ilé ìtẹ̀wé kan ní Lake Geneva tẹ ẹgbẹ̀rún kan páálí náà fún wọn. Nítorí pé ìwé ńlá tí a rán ń gba owó, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ni wọ́n ṣe: Men & Magic fún àwọn akọni àti idán wọn, Monsters & Treasure fún àwọn ẹbọra àti ìṣúra, àti The Underworld & Wilderness Adventures fún ihò àti aginjù. Nítorí pé ayàwòrán tí ó gbówó lórí kò sí ní àrọ́wọ́tó, àwọn ọ̀dọ́ àti ojúlùmọ̀ ni ó ya èyí tí wọ́n lè yà. Ìdúró jagunjagun orí ẹṣin tí ó wà lára páálí, ara ìwé eléré àwòrán tí àwọn ọmọdé ń kà ni Greg Bell, ẹni tí ó yà á, ti wò ó. Nítorí pé páálí tí a ya àwòrán sí tààrà wọ́n, bébà oní-ìlà-igi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí lásán. Ilé Don Kaye ni ilé-iṣẹ́, tábìlì tí wọ́n fi ń jẹun ni tábìlì iṣẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to ìwé sínú páálí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lẹ ìwé ìdánimọ̀ sí i lórí, bí ìyàwó ilé ti í pọ́n mọ́ínmọ́ín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dáìsì náà ní ìtàn tirẹ̀. Eré yìí kò lè fi dáìsì ojú mẹ́fà nìkan rìn. Ó ń fẹ́ olójú mẹ́rin, olójú mẹ́jọ, olójú méjìlá àti olójú ogún. Ibo ni a ti fẹ́ rí irú rẹ̀? Ilé-iṣẹ́ kan ní California tí ń ta ohun èlò ìkọ́ni fún àwọn olùkọ́ ìṣirò ni ó ní in. Bí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun èlò kíláàsì pa dírágónì nìyẹn. Ọ̀rá tí a fi ṣe wọ́n rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí wọn fi ń jẹ bí a bá ti ń jù wọ́n lọ, tí èyí tí ó lójú ogún a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di róbótó. Kò sí àwọ̀ lójú òǹkà wọn, kéréyọ̀n ni oníkálukú fi ń kùn ún kí ó tó lè rí i kà.

Ẹgbẹ̀rún náà tán kí ọdún tó yí po. Kò sí ìpolówó ńlá kankan. Ìwé ìròyìn àwọn ẹlẹ́gbẹ́, ọjà inú Gen Con, àti ẹnu dé ẹnu ni. Ẹni kan yóò rà á ní yunifásítì, mẹ́wàá yóò bá a ṣe é, mẹ́wàá náà yóò sì tú ká lọ sí ìlú wọn nígbà ìsinmi. Dọ́là 10 kì í ṣe owó kékeré lójú akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, nítorí náà ẹ̀rọ fọtokọ́pì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ òru, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkọ́bí eré yìí kò fojú kan páálí rí. Wọ́n tún tẹ ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n tún tẹ ẹgbẹ̀rún méjì ní 1975. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ, àwọn nìkan ni ó sì wọ aṣọ igi. Láti ìtẹ̀jáde kẹrin, páálí funfun ni.

Àárín èyí ni ikú ti ṣọṣẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1975, àìsàn ọkàn pa Don Kaye ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ọkùnrin tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró fún owó kò rí ju ọdún kan ọjà náà lọ. Wọ́n kó páálí kúrò nílé rẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé Gygax, wọ́n san ìpín opó rẹ̀ fún un, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ ní orúkọ TSR Hobbies. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ṣe é wá láti ọ̀dọ̀ ìdílé Blume, agbára sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lọ́wọ́ Gygax láìfura. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1985, wọ́n yọ ọ́ nípò nínú ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; àwọn mìíràn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú eré yìí. Ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, Ken St. Andre ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ dàrú, ó ní òun lè ṣe èyí tí yóò yé ènìyàn; ó kọ Tunnels & Trolls, ó sì lo dáìsì ojú mẹ́fà tí ó wà nínú gbogbo ilé. Ọgọ́rùn-ún kan péré ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1975, ní ilé ìtẹ̀wé yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ní Minnesota, ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìmọ̀ èdè, M. A. R. Barker, ti ń dá ayé kan sílẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó dá èdè fún un, ó dá òrìṣà fún un. TSR sọ ọ́ di Empire of the Petal Throne ní 1975 kan náà, wọ́n sì ń ta páálí rẹ̀ ní dọ́là 25, owó tí ó mú kí ọ̀pọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wò ó. Ní Decatur, ní Illinois, Bob Bledsaw àti Bill Owen rò ó pé apàlọ́ tí iṣẹ́ kò fún láyè yóò fẹ́ ra àwòrán ìlú tí a ti yà tán. Wọ́n dá Judges Guild sílẹ̀ ní 1976, bí ọjà àwòrán ìlú àti ti ihò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1977, Marc Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé eré náà kúrò nínú ihò lọ sí àárín ìràwọ̀ nínú Traveller, ìwé dúdú kéékèèké mẹ́ta nínú páálí dúdú.

Eré náà dé òkun, kò dúró, ó kọjá. Ní London, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Ian Livingstone, Steve Jackson àti John Peake, dá Games Workshop sílẹ̀ ní 1975, pátákó eré tí a fi igi ṣe ni wọ́n sì ń tà nínú ilé tí wọ́n háyà. Ìwé ìròyìn wọn kékeré bọ́ sọ́wọ́ Brian Blume. Ó fi páálí kan ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ṣe é, wọ́n sì kọ̀wé béèrè mẹ́fà. Mẹ́fà péré yìí ni TSR fi fún wọn ní àṣẹ títà eré náà ní gbogbo Yúróòpù fún ọdún mẹ́ta. Kí a má rẹ́rìn-ín jù: ẹni tí ó fún ni kò lọ́rọ̀ ju ẹni tí ó gbà lọ. Onílé lé wọn jáde láìpẹ́, inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá kan ni Livingstone àti Jackson ń sùn ní 1976, kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Hammersmith ní 1978.

Báyìí ni eré náà ṣe dàgbà. Ẹ wá jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣa àlòkù rẹ̀ jọ. A kì í mọ iyì ohun tí a ní, àfi bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí a ṣe fún ìlò ni àwọn ìwé wọ̀nyí; wọ́n fi kọfí lé wọn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí etí wọn, wọ́n gbé wọn sínú àpò pẹ̀lú bàtà eré ìdárayá, ìyá ilé sì kó wọn dànù nígbà tí ọmọ lọ sójú ogun tàbí tí ó gbéyàwó. Ìdí nìyí tí díẹ̀ fi ṣẹ́kù. Nígbà tí àwọn ọmọ náà di àgbà, tí owó wọ ọwọ́ wọn, wọ́n padà wá ohun tí wọ́n sọ nù, ojú wọn sì mú ju ojú alágbẹ̀dẹ wúrà lọ. Bí o bá gbé páálí funfun kan lé wọn lọ́wọ́, wọn yóò kọ́kọ́ wá “hobbit” nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àwọn ìtẹ̀jáde ìbẹ̀rẹ̀, títí àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ J. R. R. Tolkien fi bínú. Láti ìtẹ̀jáde kẹfà, “hobbit” di “halfling,” “ent” di “treant,” “balrog” sì pa rẹ́. Ìtẹ̀jáde tí a ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ náà kúrò yìí gan-an ni ilé-iṣẹ́ wá kọ sí lára pé ògidì àkọ́kọ́ fún àwọn akójọ ni. Aláṣọ ìbora tí ń pe ara rẹ̀ ní aládé! Àwọn akójọ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì tẹ̀síwájú láti wá èyí tí ó ní àṣìṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí níbi gbogbo tí ọwọ́ wọn bá tó. Ìwé Deities & Demigods tí ó jáde ní 1980 ní ojú-ewé 144; nígbà tí a yọ àwọn òrìṣà inú ìwé H. P. Lovecraft àti ti Michael Moorcock kúrò, ó di 128, ojú-ewé mẹ́rìndínlógún tí ó lọ náà ni ó sọ èyí tí ó ní wọn di ọ̀wọ́n. Ní 1979, dáìsì wọ́n ní ọjà, ilé-iṣẹ́ sì gé páálí wẹ́wẹ́ tí a kọ òǹkà sí, ó kó o sínú àpótí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré pẹ̀lú ìwé tí wọn yóò fi gba dáìsì nígbà tí ó bá dé. Ọmọ tí ó gba páálí wẹ́wẹ́ yìí nígbà náà sunkún, ẹni tí ó bá a lódidi lónìí ń jó. Ní 1981, TSR tẹ Palace of the Silver Princess, tí Jean Wells kọ, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ dídá eré. Ìwé náà kò tí ì tutù tí àwọn ọ̀gá fi rí àwòrán kan nínú rẹ̀ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn láti tún kọ, pẹ̀lú èèpo aláwọ̀ ewé. Ìwọ̀nba tí àwọn òṣìṣẹ́ ti mú lọ sílé kí àṣẹ tó dé ni ó yè, èèpo aláwọ̀ ọsàn wọn sì ti di ohun tí a fi owó tí ó tó ra alùpùpù rà. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹwà náà kò dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí wọ́n sun ilé rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti rí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bébà ayédèrú igi, ọ̀rọ̀ tí a kò gba àṣẹ lò, páálí wẹ́wẹ́ tí ó rọ́pò dáìsì, ìwé tí ọ̀gá ní kí a sọ nù: gbogbo ohun tí ó ń ti ojú àwọn tí ó ṣe é ni àwọn akójọ fi ń mọ ojúlówó. Bí apẹ̀rẹ̀ bá dọ́gba jù, a ó máa béèrè bóyá ẹ̀rọ ni ó hun ún. Ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀ ni a ti ń mọ̀ pé ọwọ́ ni.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ń rú mi lójú nínú ìṣe àwọn akójọ náà. Bí wọ́n ti fẹ́ràn àṣìṣe àwọn tí ó ṣe ìwé tó, wọn kò fẹ́ràn àpá àwọn tí ó lò ó. Páálí tí a kò ṣí rí ni ó gbówó jù. Èyí tí igun rẹ̀ ti fọ́, tí orúkọ ọmọ kan wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dírágónì tí wọ́n fi bírò pupa kùn wà ní etí ìwé, owó rẹ̀ a já wálẹ̀. A dá ìdúró jagunjagun náà lọ́lá nítorí pé ọ̀dọ́ kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á. A sì dá ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún lẹ́bi.

Eré náà kò sá pamọ́ mọ́. Ní 2016, ilé àkójọ ohun ìṣeré ní Rochester, ní New York, gbà á sáàárín àwọn tí a ó máa rántí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù àti ọmọlangidi. Gygax ti kú ní 2008, Arneson tẹ̀ lé e ní 2009. Ní 2024, nígbà tí páálí náà pé àádọ́ta ọdún, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín nísinsìnyí kó àkọsílẹ̀ ìgbà náà jọ sínú ìwé gàgàrà kan, ìwé tí Gygax kọ ní 1973 kí wọ́n tó ní owó àtitẹ̀ ẹ́ wà nínú rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, lórí bébà dídán. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò níṣòro mọ́.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé gàgàrà náà ni aṣọ. Àkísà wà níbì kan nínú àjà ilé ní Wisconsin tàbí ní Minnesota, nínú páálí tí ó ń ṣe bí pákó tí bébà ara rẹ̀ ti ń ṣí: ìwé tí ó ti ya ní ibi wáyà, dáìsì tí etí rẹ̀ ti jẹ tán, àti abala bébà kan tí a fi pẹ́ńsù ya ihò sí, tí a kọ orúkọ àwọn tí ó wọ̀ ọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a sì fa ìlà lórí orúkọ àwọn tí kò jáde. Bí wọ́n bá gbé e wá sí gbàǹjo, owó rẹ̀ kò ní tó ti èyí tí ó mọ́. Ṣùgbọ́n bí Don Kaye bá lè jí, tí wọ́n ní kí ó wá wo ohun tí ó fi owó ẹ̀mí rẹ̀ rà, èyí ni ẹ bá mi fi hàn án.